Bí Ẹ Ṣe Lè Rìn ní Jamestown Kí Ìtàn Rẹ̀ Lè Yé Yín: Ẹ Máa Wo Ibi Tí Oúnjẹ Wà

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ wo Jamestown ní ìpínlẹ̀ Virginia ló ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Pocahontas, tí wọ́n á wo odò díẹ̀, tí wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀. Ó máa ń dùn mí. Ilẹ̀ kékeré yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ tẹ̀dó ní Amẹ́ríkà tí ìtẹ̀dó náà ò sì parẹ́, lọ́dún 1607, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún méjìlá àkọ́kọ́ kan gbogbo wa tí a jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Olùkọ́ ìtàn ni mí, Virginia ni mo sì ń gbé. Èmi ni àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ máa ń pè bí àlejò wọn bá fẹ́ lọ síbẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni mo ń gbà mú gbogbo wọn rìn: níbikíbi tí a bá ti dúró, mo máa ń ní kí wọ́n béèrè pé, “Ta ló ní oúnjẹ lọ́wọ́ báyìí? Ta ni ebi ń pa?” Ẹni tó bá di ìbéèrè yìí mú kò ní sọnù sáàárín orúkọ àwọn ọ̀gágun àti àwọn gómìnà.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ibi méjì ló ń jẹ́ orúkọ yìí, ó sì máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Historic Jamestowne ni erékùṣù gan-an tí wọ́n tẹ̀dó sí, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń ṣiṣẹ́. Jamestown Settlement wà nítòsí rẹ̀, kò ju nǹkan bíi máìlì kan lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe àwòṣe ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tó gbé wọn wá sí, pẹ̀lú àwòṣe odi wọn àti abúlé àwọn ọmọ onílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ fi òwúrọ̀ wo àwọn ọkọ̀, kí ẹ fi ìyókù ọjọ́ náà wà ní erékùṣù. Bí ẹ ò bá lè ṣe méjèèjì, erékùṣù ni kí ẹ lọ.

Àbàtà ló yí ibẹ̀ ká. Ẹ̀fọn ń bẹ, eégbọn ń bẹ nínú koríko, oòrùn ìgbà ẹ̀rùn sì le gan-an. Ẹ gbé omi mímu tó pọ̀, ẹ dé fìlà, ẹ wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀.

Ẹ mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù dání. Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé, kí ẹ kọ “Oúnjẹ tó wà” sí apá òsì, kí ẹ sì kọ “Ẹnu tó ń jẹ” sí apá ọ̀tún. Ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n kọ ni kí ẹ fún, torí ẹni tó ń kọ ọ́ ló máa ń rántí jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀

Susan Constant, Godspeed àti Discovery ni orúkọ àwọn ọkọ̀ náà. Ẹ má dúró sórí ọkọ̀ nìkan. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, kí ẹ wo bí ó ṣe há tó. Ìlú London ni wọ́n ti gbéra ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, ọdún 1606. Àwọn oníṣòwò ló dá owó náà jọ, ilé-iṣẹ́ wọn ń jẹ́ Virginia Company, ọba James Kìíní ló sì fún wọn ní ìwé àṣẹ ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Wúrà ni wọ́n ń wá, àti ọ̀nà omi tí wọ́n á fi dé òkun kejì, ìyẹn Pàsífíìkì. Èrè ni wọ́n fi owó wọn wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa ṣàlàyé ìdí tí àwọn ará ibùdó náà fi ń ṣe iṣẹ́ tí kò lè bọ́ wọn.

Afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n tètè kúrò létí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi dúró síbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n jẹ tí wọ́n bá débẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ ẹnu òkun Chesapeake ní òpin oṣù Kẹrin 1607, ọkà tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ti ń bàjẹ́. John Smith, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé kòkòrò inú ọkà ọ̀hún pọ̀ tó ọkà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí apá òsì: ọkà díẹ̀, tó ti ní kòkòrò. Ẹ kọ sí apá ọ̀tún: ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 104. Kò sí obìnrin kankan láàárín wọn.

Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ọlọ́lá tí kò fi ọwọ́ ro oko rí. Àwọn kan máa ń fi gbogbo ẹjọ́ náà lé ọ̀lẹ lórí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú ibà, tí omi tó ń mu tún ń pa á, kò lè ro oko bó tilẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ látilẹ̀wá.

Ní etí odò

Tí ẹ bá ń wọ erékùṣù, ẹ ó kọ́kọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ díńgí. Lọ́dún 1608, Virginia Company kó àwọn oníṣẹ́ díńgí wá láti Jámánì àti Pólándì kí wọ́n lè rí ohun tà. Ẹ yà síbẹ̀ díẹ̀, iná ibẹ̀ máa ń wu àwọn ọmọdé. Kò sí ohun tí ẹ máa kọ sí apá òsì, torí kò sẹ́ni tó lè jẹ díńgí.

Lẹ́yìn náà ẹ tààrà lọ sí etí odò James, níwájú odi. Ẹ dúró kí ẹ wo ibi tí ẹ wà. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n fi yan ilẹ̀ yìí ní àárín oṣù Karùn-ún 1607. Omi jìn létí ilẹ̀ débi pé wọ́n lè so ọkọ̀ mọ́ igi. Ó jìnnà sí òkun, tí ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì ò fi ní tètè rí wọn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbé orí rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Paspahegh, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀, ni, àmọ́ àwọn onílẹ̀ ò kọ́lé síbẹ̀ torí wọ́n mọ ohun tó ń bẹ níbẹ̀: àbàtà ni, omi rẹ̀ ò sì dára. Tí ìgbì òkun bá ti omi wọnú odò, iyọ̀ ló máa ń dà. Tí ó bá fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ló kù. Nínú ooru, tí òjò bá dín, ìdọ̀tí àwọn ènìyàn ibùdó náà fúnra wọn kì í ṣàn lọ. Omi yìí ni wọ́n ń mu.

George Percy, ọ̀kan nínú wọn, kọ orúkọ àwọn tó kú ní oṣù Kẹjọ 1607 sílẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́. Ara wíwú, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà, ọfà. Ó ní síbẹ̀, ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù. Oúnjẹ ọjọ́ kan fún ẹnì kan nígbà náà ni ìlàjì páìntì wíìtì àti ìlàjì páìntì báálì tí wọ́n sè nínú omi. Ẹ wọn ún nílé kí ẹ tó wá, kí ẹ dà á sínú ọ̀rá kí ẹ mú un dání. Tí ẹ bá gbé e lé ọmọdé lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹ ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀.

Nínú odi

Onígun mẹ́ta ni odi náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kọlù wọ́n ní oṣù Karùn-ún, ni wọ́n bá sáré gé igi tí wọ́n sì parí odi ní àárín oṣù Kẹfà. Ìgbà kan wà tí gbogbo ayé gbà pé odò ti wó o lọ. Lọ́dún 1994 ni William Kelso àti àwọn awalẹ̀pìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, wọ́n sì rí ojú ihò àwọn òpó náà nínú ilẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ wọn wọ̀n ọ́n: nǹkan bíi yáàdì 140 lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, yáàdì 100 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó kù. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn há mọ́.

Ẹ ó rí àwọn àgbélébùú níbi tí wọ́n sin òkú sí. Inú odi ni wọ́n sin wọ́n sí, torí àṣẹ tí wọ́n gbé wá láti London ni pé kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má ṣe mọ̀ pé wọ́n ń kú. Nígbà tí ọkọ̀ Christopher Newport, ọ̀gá atukọ̀ wọn, padà dé ní oṣù Kìíní 1608, ènìyàn 38 ló ṣẹ́kù nínú àwọn 104. Ẹ kọ ọ́ sí apá ọ̀tún. Kí ẹ wá béèrè pé: ta ló bọ́ àwọn 38 yìí?

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Nígbà tí àgbàdo gbó ní ìparí ìgbà ẹ̀rùn 1607, àwọn ni wọ́n gbé e wá, pẹ̀lú ẹran àti ẹja. Ìtàn yìí kì í hàn tó níbi tí àwọn ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ ìgboyà John Smith. Ọba ńlá wọn, Wahunsenacawh, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Powhatan, ló ń jọba lórí nǹkan bí ọgbọ̀n ẹ̀yà, Werowocomoco lẹ́bàá odò York sì ni ààfin rẹ̀ wà. Ó fẹ́ bàbà àti àáké, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ àgbàdo. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lórí erékùṣù, tí wọ́n ń pè ní Archaearium, ẹ ó rí àwọn ègé bàbà tí wọ́n gé fún òwò yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò wọ́n dáadáa, torí ègé bàbà wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ra ẹ̀mí wọn.

Bí wọ́n bá bi yín léèrè nípa Pocahontas, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ọmọ Wahunsenacawh ni, ó sì tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí wọ́n mú Smith ní oṣù Kejìlá 1607. Ìtàn pé ó fi orí ara rẹ̀ gba Smith lọ́wọ́ ikú kò sí nínú ìròyìn tí Smith kọ ní 1608. Inú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1624 ló ti ròyìn rẹ̀ ní kíkún. Kì í ṣe ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ló wà láàárín wọn.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ dúró lé lórí níbí, kí ẹ má kánjú kọjá. Àwọn onímọ̀ ka àwọn òrùka inú igi sípírẹ́ẹ̀sì tó ti pẹ́ ní agbègbè yẹn, wọ́n sì rí i pé láti 1606 sí 1612 ni ọ̀dá tó burú jù fún ọdún méje láàárín ọdún 770. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sínú ọ̀dá láì mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn abúlé kan dé òmíràn tí wọ́n ń wá àgbàdo, tí wọ́n sì ń na ìbọn sí ẹni tó bá ní òun ò tà, ọmọ onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ní tó. Oúnjẹ ẹnu ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ní kó mú wá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pe Wahunsenacawh ní ìkà nítorí pé ó kọ̀ láti tà. Ẹ ní kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ wo apá òsì ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Smith di olórí ní oṣù Kẹsàn-án 1608. Ó gbẹ́ kànga, ó ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní jẹun. Síbẹ̀ eku tó bá ọkọ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ run, ó sì ní láti pín àwọn ènìyàn rẹ̀ ká etí odò kí wọ́n lọ máa ṣa ẹran inú ìkarahun jẹ. Lọ́dún 1609, ẹ̀tù ìbọn gbiná lára rẹ̀, ó sì padà sílé ní oṣù Kẹwàá.

Níbi àjà ilẹ̀

Ẹ fún ibí yìí ní àkókò. Lọ́dún 1609, Virginia Company rán ọkọ̀ mẹ́sàn-án wá. Ìjì líle gbá wọn lójú òkun. Sea Venture, tó gbé àwọn olórí tuntun, fọ́ sí Bermuda. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó kù dé Jamestown ní oṣù Kẹjọ pẹ̀lú ènìyàn rẹpẹtẹ àti oúnjẹ tí omi ti bà jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí i bí apá ọ̀tún ṣe wúwo tí apá òsì sì ṣófo. John Ratcliffe lọ ra àgbàdo lọ́dọ̀ Wahunsenacawh, wọ́n sì pa òun àti púpọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ onílẹ̀ dó ti odi náà. Ẹni tó bá jáde wá oúnjẹ, kò ní wọlé mọ́.

Wọ́n jẹ ẹṣin. Wọ́n jẹ ajá àti ológbò, eku àti ejò, wọ́n se awọ bàtà. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló wọ ìgbà òtútù yẹn, nǹkan bí 60 ló jáde. Ọdún púpọ̀ ni àwọn òpìtàn fi ń jiyàn bóyá òótọ́ ni pé wọ́n jẹ òkú ara wọn, bí Percy ṣe kọ ọ́. Lọ́dún 2012, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun orí àti egungun ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nínú àjà ilẹ̀ kan nínú odi, láàárín egungun ajá àti ẹṣin. Ojú ọ̀bẹ wà lára rẹ̀. Douglas Owsley, onímọ̀ nípa egungun ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 2013. Wọ́n sọ ọ́ ní Jane, torí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú Archaearium, pẹ̀lú àwòrán ojú rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ wọlé lọ wò ó kí ẹ tó pinnu bóyá àwọn ọmọ yín kéékèèké á wọ ibẹ̀. Àwọn tó bá wọlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò tàbí kí wọ́n pariwo níwájú rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni.

Tí ẹ bá jáde, ẹ padà sí etí odò. Ní oṣù Karùn-ún 1610, àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ sí Bermuda dé nínú ọkọ̀ kékeré méjì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn. Ohun tí wọ́n bá dẹ́rù bà wọ́n. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹfà, gbogbo wọn wọkọ̀, wọ́n ń padà sílé. Jamestown ti parí. Lójú odò lọ́hùn-ún ni wọ́n pàdé ìránṣẹ́ gómìnà tuntun, Lord De La Warr, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ àti oúnjẹ. Wọ́n bá padà. Òfin líle ló tẹ̀lé e: ọkùnrin kan jí ìyẹ̀fun óòtì díẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá gún ahọ́n rẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́ igi títí ebi fi pa á kú.

Níbi ilé ìjọsìn àti ibi tí Angela gbé

John Rolfe, ọ̀kan nínú àwọn ará ibùdó náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tábà ní nǹkan bí 1612. Tábà yìí ni wọ́n rí tà nígbẹ̀yìn, òun ló sì ń mú owó wọlé fún wọn. Nígbà tó fi di 1617, ojú pópó àti ọjà àárín ìlú ni wọ́n ń gbin tábà sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ bóyá tábà wọ apá òsì ìwé wọn. Kò wọ̀ ọ́. Tábà ò ṣeé jẹ, ó ń jẹ ilẹ̀, ó sì nílò ọwọ́ púpọ̀.

Níbi tí ilé ìjọsìn wà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin àkọ́kọ́ ti jókòó ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Keje 1619; àwọn tó ń mú àlejò káàkiri á sọ èyí fún yín dáadáa. Àwa ọmọ Áfíríkà, ẹ jẹ́ ká tún rìn díẹ̀ sí i, sí apá ìlà-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ Captain William Pierce wà. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ọkọ̀ White Lion gúnlẹ̀ sí Point Comfort pẹ̀lú ogún ènìyàn àti díẹ̀ tí wọ́n jí gbé láti Àǹgólà. Inú ọkọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n ti fi ipá gbà wọ́n. Oúnjẹ ni ọ̀gá ọkọ̀ náà ń wá, oúnjẹ ni gómìnà àti olórí oníṣòwò ibùdó sì fún un kí wọ́n tó gba àwọn ènìyàn náà. Àwọn tí àgbàdo ẹlòmíràn gbà là lọ́dún méjìlá ṣáájú ti wá ń fi oúnjẹ ra ènìyàn. Ẹ kọ eléyìí sí àárín gbùngbùn ojú ìwé yín, lórí ìlà náà gan-an.

Obìnrin kan nínú àwọn tí wọ́n jí gbé yìí ń jẹ́ Angela. Ọkọ̀ kejì, Treasurer, tó bá White Lion kọlu ọkọ̀ àwọn Potogí náà, ló gbé e wá, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ ọdún 1625 lára àwọn ará ilé Pierce. A mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ibi tó gbé. Mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tí mo bá mú wá pe orúkọ náà sókè níbẹ̀.

Lẹ́yìn erékùṣù

Bí àyè bá wà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó mọ́tò kọjá sí apá Surry. Ọ̀fẹ́ ni. Láti àárín odò ni ẹ ó ti rí erékùṣù náà bí àwọn onílẹ̀ ṣe ń rí i. Point Comfort wà ní Fort Monroe, ní ìlú Hampton. Ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé àwọn tó ni àgbàdo ti tán. Opechancanough, ìbátan Wahunsenacawh, ló ṣíwájú ìkọlù oṣù Kẹta 1622, tó pa 347 nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí oko tábà ti ń gba ilẹ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Virginia Company. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbẹ̀san fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n àwọn Pamunkey àti Mattaponi ṣì wà lórí ilẹ̀ wọn ní Virginia, wọ́n sì ṣì ń gbé àgbọ̀nrín lọ fún gómìnà lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ọdún 1677. Àwọn Pamunkey ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn ní King William County. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i, kí ẹ sì mú ìwé olójú méjì yẹn lọ, kí ẹ bi wọ́n bí àwọn ṣe ń sọ ìtàn kan náà.